Èsì: Kí ló dé tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì Ìlú Ọba kì í kọ orin?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ gbọ́ ní London ń dún lemọ́lemọ́, àmọ́ ẹ ò gbọ́ orin kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni, orin kọ́ ni wọ́n ń kọ. Títò ni wọ́n ń tò ó: wọ́n ń yí bí agogo ṣe ń dún tẹ̀ lé ara wọn padà.

Agogo kọ̀ọ̀kan wà lára kẹ̀kẹ́ ńlá, ẹnì kan ló sì ń fa okùn tirẹ̀. Nítorí pé ó wúwo, tó sì ń yí po, ìwọ̀nba díẹ̀ lèèyàn lè fi mú un yá tàbí dá a dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ló lè bá pààrọ̀ ipò. Agogo 6 ṣeé tò ní ọ̀nà 720 láìtún ọ̀kankan ṣe. Tó bá jẹ́ 7, ó di 5,040, ó sì ń gba nǹkan bíi wákàtí 3 láti lù ú tán. Agogo 8 ńkọ́? 40,320! Ní 1963, àwọn kan lù ú tán ní ìlú Loughborough, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìsinmi, ó gbà wọ́n tó wákàtí 18. Inú orí ni wọ́n sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ sí, wọn ò wo ìwé. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu gidigidi.

Tí ẹ bá fẹ́ gun ilé gogoro agogo, ẹ béèrè ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń kọ́ra. Wọ́n fẹ́ràn àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan okùn láìgbàṣẹ: bí agogo bá dojú sókè, okùn yẹn lè gbé èèyàn kúrò nílẹ̀. Ẹ dé Kàtídírà Liverpool. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń lù báyìí ju tọ́ọ̀nù 4 lọ.