Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kọ́ńgà Rírà àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ó wọlé sí abala yìí lọ́tẹ̀ yìí ló dá lórí kọ́ńgà, ìlù gígùn tí a ń fi ọwọ́ lásán lù, èyí tí àwọn ará Kúbà mú jáde láti ara ìlù tí àwọn ará Kóńgò tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé erékùṣù náà. A yan márùn-ún nínú wọn, nítorí pé ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ yòókù ń béèrè.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń lu kọ́ńgà. Ẹni tí ó ń tà á ní kí n ra mẹ́ta pọ̀, pé òun yóò dín owó rẹ̀ kù fún mi. Ṣé dandan ni kí ó pé mẹ́ta? Onígi ni kí n sì rà ni, àbí onífáíbà, èyí tí wọ́n fi ike àti okùn gíláàsì ṣe?

Ìdáhùn: Kò pọn dandan rárá. Lóòótọ́, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Quinto ni ó kéré jù, ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 11, òun ni ó sì ń ké lókè. Èyí tí wọ́n ń pè ní conga gan-an wà láàárín, ojú tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 11¾. Tumba ni ó tóbi jù, nǹkan bí ínṣì 12½, òun ni ó ń dún nísàlẹ̀. Ti àárín yìí ni kí ẹ rà ná. Ìró tí a là sílẹ̀ gbangba, ìró tí a fi ọwọ́ dé mọ́lẹ̀, ìró àbàrá, ìró ìsàlẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ ń fà jáde láti àárín awọ, títí kan yíyí ọwọ́ láti ìdí àtẹ́lẹwọ́ dé orí ìka, kò sí èyí tí ẹ kò lè kọ́ lórí ìlù kan ṣoṣo. Nígbà tí ọwọ́ yín bá ti rọ̀, ẹ wá fi tumba kún un, kí quinto sì kẹ́yìn. Bí ẹ bá kó owó ìlù mẹ́ta tí kò dáa jọ sórí ẹyọ kan, ẹ ó rí èyí tí ẹ kò ní pààrọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń mú mi fura sí ẹ̀dínwó yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà pọ̀ ni ojú wọn kéré, tí wọn kò ju ínṣì 10 tàbí 11 lọ, tí wọ́n sì kúrú pẹ̀lú. Ọwọ́ àgbàlagbà kò ní rí àyè yí lórí irú ojú bẹ́ẹ̀, ìró ìsàlẹ̀ kò sì ní jáde dáadáa. Ẹ mú téèpù dání, kí ẹ wọn ojú ìlù náà fúnra yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ní ti igi àti fáíbà, ibi tí ẹ ó ti máa lù ú ni kí ẹ fi pinnu. Ìró igi máa ń tutù, ó sì máa ń kún, nítorí náà ó yẹ yàrá àti ibi tí kò sí ariwo púpọ̀. Fáíbà máa ń ké jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń la àárín gìtá oníná àti fèrè kọjá, omi inú afẹ́fẹ́ kì í sì í mú un wú tàbí kí ó mú un fà. Ẹni tí ó bá ń gbé ìlù rẹ̀ kiri láti ibi òjò dé ibi oòrùn yóò ní ìsinmi ọkàn pẹ̀lú fáíbà. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tèmi, onígi ni n ó fi síbẹ̀. Irú igi tí wọ́n fi ṣe é kò sì jẹ mí lógún tó bí wọ́n ṣe so pákó rẹ̀ pọ̀, àti bóyá igi náà ti gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ.

Ìbéèrè: Ẹnì kan fẹ́ ta kọ́ńgà tí ó ti lò fún mi. Ó ń dán, awọ rẹ̀ kò sì ya. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Dídán kọ́ ni kí ẹ wò. Ibi tí agbára ń fà ni kí ẹ tẹjú mọ́: òrùka irin tí ó di awọ mú, àwọn irin ìkọ́ tí ó fa òrùka náà sísàlẹ̀, àwo irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlù, àti ẹnu igi tí awọ jókòó lé.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí òrùka irin náà ti sọ̀ kalẹ̀ tó. Nínú ìlù tí awọ rẹ̀ ṣì ní ẹ̀mí, òrùka yóò wà ní ìsàlẹ̀ ojú awọ díẹ̀, kí ọwọ́ má baà máa gbá irin, yóò sì ṣì jìnnà sí àwo irin ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwo irin náà, tí ẹ̀yìn ìkọ́ sì ti yọ gbọ́rọ́ sísàlẹ̀ nọ́ọ̀tì, a jẹ́ pé awọ ti fà tán, kò sí ibi tí ẹ tún fẹ́ fún un dé mọ́. Ẹ fi owó awọ tuntun kún iye tí ẹni náà ń pè. Ẹ tún yí ìlù náà po láti mọ̀ bóyá òrùka náà dọ́gba yíká, nítorí pé òrùka tí ó ga ní apá kan tí ó sì rẹlẹ̀ ní apá kejì lè jẹ́ àmì pé igi ti wọ́, tàbí pé ẹni tí ó ń lò ó kò mọ bí a ti ń fún nọ́ọ̀tì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìlù náà wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn, kí ẹ ti tọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀ láti ìdí, kí ẹ sì wo ara rẹ̀ láti ìta. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbi tí pákó méjì ti pàdé, ìsopọ̀ ti là nìyẹn. Èyí kò burú jù, nítorí pé gbẹ́nàgbẹ́nà lè fi gọ́ọ̀mù igi sí i, kí ó sì fi okùn dè é pinpin títí yóò fi mú. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ni kí igi ya láti ojú ihò bóòtù àwo irin, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo fífà awọ dá lé. Irú èyí, bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ lónìí, ó tún lè ya lọ́la. Bí ó bá jẹ́ fáíbà ni, ẹ ó máa rí ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lára ọ̀dà rẹ̀, èyí tí kò ní ṣe nǹkan kan bí ọ̀dà nìkan bá ni ó là. Ẹ fọwọ́ kan inú rẹ̀ ní ojú ibẹ̀. Bí inú bá là pẹ̀lú, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ẹni tí ó ń tà á bá gbà kí ẹ tú awọ, kí ẹ má jáfara. Ẹ wọn ẹnu igi ní ìbú àti ní òró. Bí ìyàtọ̀ bá wà láàárín méjèèjì, ẹnu náà kò ṣe roboto mọ́, awọ tuntun kò sì ní rọrùn láti fi sí i. Ẹ da ẹnu náà dé orí tábìlì tí ó tẹ́jú, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sínú, kí ẹ sì wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Níbi tí ó bá ti yọ, awọ kò lè jókòó dáadáa níbẹ̀, ìlù náà yóò sì máa ṣòro láti tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Ìmọ̀ràn kan tí àwọn olùrà kì í sábà gbọ́ ni pé ínṣì nìkan kọ́ ni a fi ń ra awọ. Òrùka ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá ti ilé iṣẹ́ mìíràn mu, kódà bí ojú ìlù méjèèjì bá jọ jẹ́ ínṣì 11¾, nítorí náà ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ àti irú ìlù náà gan-an. Ẹ rí i pé sípánà rẹ̀ bá a wá pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ẹnì kan sọ fún mi pé kọ́ńgà tí wọ́n fi ìṣó kan awọ rẹ̀ mọ́ igi ni ojúlówó, pé gbogbo nọ́ọ̀tì yìí jẹ́ àṣerégèé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é látijọ́ ní Kúbà, iná ni wọ́n sì fi ń yá awọ náà kí ohùn rẹ̀ tó gòkè. Nígbà tí Chano Pozo, onílù kọ́ńgà ará Kúbà, dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin jáàsì Dizzy Gillespie ní Amẹ́ríkà ní 1947, awọ tí a fi ìṣó kàn ṣì wọ́pọ̀. Carlos Valdés, onílù ará Kúbà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Patato, wà lára àwọn tí wọ́n ń yìn fún mímú kí irin tí a fi ń fún awọ débẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de òwò pẹ̀lú Kúbà ní 1962, ìlù Kúbà di ọ̀wọ́n níbẹ̀, Martin Cohen sì dá ilé iṣẹ́ LP (Latin Percussion), tí ó ń ṣe ìlù, sílẹ̀ ní New York ní 1964. Irú ìlù oní-nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń rí káàkiri báyìí. Ìlù oníṣó dára fún ẹni tí ó ń fẹ́ ohùn àtijọ́, tí ó sì ní sùúrù àti iná. Kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ìbéèrè: Mo lu kọ́ńgà mi ní alẹ́, mo sì gbé e sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, awọ ti ya láti etí kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Kí ló fà á? Ṣé mo lè fi òmíràn sí i fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Awọ ẹran gidi máa ń sún kì nígbà tí ó bá ń gbẹ. Bí ẹ bá ti fún un le láti fi lu ìlù, tí oòrùn sì wá gbá a nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, awọ náà ń fa ara rẹ̀ lórí èyí tí ẹ ti fà á, kò sì sí ibi tí yóò sún sí. Nígbà mìíràn, kì í ṣe awọ ni yóò ya. Igi ni yóò là, ìyẹn sì burú jù. Ìdí nìyí tí a fi ń dẹ awọ ẹran lẹ́yìn tí a bá lù ú tán. Ẹ yí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ní iye kan náà, yíyí kan gbáko fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń tó. Bí ẹ bá tún fẹ́ lù ú, ẹ dá a padà ní iye yẹn, ohùn rẹ̀ yóò sún mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dára jù fún igi àti awọ.

Ẹ lè fi òmíràn sí i fúnra yín. Bí ilé iṣẹ́ bá ti fa awọ tuntun náà mọ́ òrùka rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì wọ ẹnu ìlù gẹ́lẹ́, kò ní láti fojú kan omi. Àmọ́ bí ó bá le gbagidi tí kò fẹ́ wọlé, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù títí yóò fi rọ̀. Ti awọ tí ó nípọn lè di ọjọ́ kejì. Omi gbígbóná kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí pé yóò bà á jẹ́. Kí ẹ tó gbé e lé orí ìlù, ẹ nu ẹnu igi náà mọ́, ẹ fi sáńpépà tí ó kúnná pa ibi tí ó bá rí págun lára rẹ̀, kí ẹ sì fi àbẹ́là ra á yíká, kí awọ lè máa yọ̀ lórí rẹ̀ láìdún. Ẹ fi ọwọ́ yí àwọn nọ́ọ̀tì títí wọn yóò fi mú, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi sípánà fún un díẹ̀díẹ̀ yíká, kí òrùka lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá ẹnu igi láìfì sápá kan. Ẹ gbé e síbi tí òjìji wà, kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹni tí ó bá gbé e sínú oòrùn kí ó lè tètè gbẹ yóò padà ra awọ mìíràn.

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè máa rántí dẹ̀ ẹ́, ẹ ra awọ oníke. Ohùn rẹ̀ kò gbóná tó ti awọ ẹran, àbàrá rẹ̀ sì máa ń dún gan-an ju bí àwọn kan ti fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Ẹ̀yin tí ẹ sì béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ fi òróró pa awọ ẹran: òrí díẹ̀ tí ẹ fi ọwọ́ ra lé e lórí nígbà tí ó bá gbẹ jù ti tó, ẹ má tún un ṣe lóòrèkóòrè, nítorí pé awọ tí ó bá mu òróró púpọ̀ kì í dún mọ́.

Ìbéèrè: Tumba àti conga ni mo ní. Ohùn wo ni kí n fún wọn? Láìpẹ́ yìí, tumba ń hó nígbàkígbà tí mo bá lù ú. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá fi tumba sí «sọ̀», ẹ fi conga sí «dò» tí ó wà lókè rẹ̀, lọ́jọ́ tí quinto bá dé, «mì» ni ẹ ó fi sí. Ìlù kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń là jù, nítorí náà ẹ gbọ́ tirẹ̀ kí ẹ tó fi ipá mú un dé ibì kankan. Ẹ máa yí nọ́ọ̀tì tẹ̀ lé ara wọn yíká, kí ẹ máa yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ sì máa fi ìka gbá etí awọ lójú ìkọ́ kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí ó rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù.

Ní ti híhó náà, irin tí ó dẹ̀ ni ó sábà máa ń fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa lu ìlù náà, kí ẹ̀yin máa fi ìka di àwo irin kọ̀ọ̀kan, ìkọ́ kọ̀ọ̀kan àti irin ìdí ìlù mú, títí híhó náà yóò fi dákẹ́. Àwo irin tí ó bá dákẹ́ lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fún bóòtù rẹ̀ láti inú ìlù, kí ó kàn mú; bí ẹ bá fún un jù, igi yóò là lójú ihò rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé ìkọ́ kan ni, ẹ tú u, ẹ nu eruku rẹ̀, kí ẹ sì fi gírísì díẹ̀ sí ẹnu ibi tí nọ́ọ̀tì ti ń yí.