Èsì: Kí ló dé tí àparò fi ń dínkù lóko Kuje?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ béèrè bóyá àwọn ọdẹ nìkan ló pa àparò tán ní ọ̀nà Kuje yín, ní agbègbè Àbújá. Rárá o. Ọdẹ lọ́wọ́ sí i, pàápàá àwọn tó ń dẹ tàkúté nígbà tí ẹyẹ ń sàba, ṣùgbọ́n iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín koríko, ni àparò àti awó ń yé sí. Àparò tún máa ń yé nígbà tí òjò bá ń lọ sópin títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà yẹn gan-an sì ni wọ́n ń sun igbó. Ẹyin á jóná, ọmọ tí kò tíì lè fò á bá a lọ. Èyí tó yè kò ní ibi ìsápamọ́ mọ́, àṣá á máa rí i kedere.

Oògùn apakoríko tí gbogbo wa ń fọ́n náà ń dùn mí. Kòkòrò ni ọmọ àparò ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀: ikán, èèrà, tata kéékèèké. Bí koríko tí àwọn kòkòrò yìí ń gbé bá ti kú, oúnjẹ wọn tán nìyẹn.

Ti ilé kíkọ́, ẹ̀yin náà rí i: láti 1991 tí olú-ìlú ti kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ni oko ti ń di ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi koríko etí oko yín sílẹ̀, kí ẹ ro ilẹ̀ yí i ká kí iná má bàa wọ̀ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kó ẹyin.