Èsì: Abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì sínú ọ̀pá ẹ̀yìn kí wọ́n tó la àyà màmá

Ẹ kú àníyàn màmá. Ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ yìí lè rọ wọ́n lápá lẹ́sẹ̀. Mọ́fíìnì náà, oògùn ìrora tó lágbára, kì í rọ ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣàn jáde níbi tí abẹ́rẹ́ gún, tó sì gbá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ló lè fa ìyẹn, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi gbọ́dọ̀ lè dì dáadáa lọ́jọ́ náà. Bí màmá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àwọn dókítà sábà máa ń dá a dúró ṣáájú: warfarin, nǹkan bí ọjọ́ 5; clopidogrel, ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró o, dókítà ni kó pàṣẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, ó sì lè dín ìrora kù fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Èyí ṣe pàtàkì, torí ẹni tí àyà ń dùn kì í fẹ́ mí kanlẹ̀, kì í fẹ́ wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bi àwọn dókítà gan-an nìyí: ta ni yóò máa ṣọ́ èémí màmá lóru? Mọ́fíìnì yìí lè dín èémí kù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà tí ọkàn gbogbo yín ti balẹ̀. Kí naloxone, oògùn tó ń pa agbára mọ́fíìnì, wà nítòsí.

Ara lè máa yún wọn, èébì lè gbé wọn, ìyẹn wọ́pọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá jí tí ẹsẹ̀ kò gbéra, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ á mọ́.