Fún Tíṣà Ìkéré: eré ìdárayá nígbà tí èèyàn wà lórí imatinib

Tíṣà, ẹ kú ìrójú o. Ẹ ní imatinib 400 mg ni wọ́n fi ń tọ́jú CML (irú àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan) yín láti bí oṣù márùn-ún, pé pajápajá kì í jẹ́ kí ẹ sùn, pé dókítà ní kí ẹ máa sinmi, ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ lè padà sí eré sísá láàárọ̀ àti bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹni tí oògùn yìí ti lọ́ lẹ́sẹ̀ rí ló ń dá yín lóhùn.

"Ẹ máa sinmi" yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nígbà tí èrò bá ṣì kún orí bẹ́ǹṣì níta ni. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, iṣan rẹ̀ á máa joro, bó sì ṣe ń joro ni àárẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àárẹ̀ imatinib kì í ṣe àárẹ̀ oko tí oorun ń mú lọ. Ìrìn ló ń dín in kù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín ná. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn sọ pé "ó dáa" kí wọ́n sì ti ìwé bọ fáìlì; ẹ fi fóònù yà á. Bí PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa) bá wà lábẹ́ 24, ẹ fi eré ìdárayá sílẹ̀, ẹ pe dókítà. Bí platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) bá wà lábẹ́ 50 (láàbù mìíràn á kọ 50,000), kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí ẹrù wíwúwo, kò sí ohunkóhun tó lè gbé yín ṣubú. Lábẹ́ 20, inú ilé ni kí ẹ ti máa rìn títí dókítà á fi sọ̀rọ̀. Bí neutrophil (sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àìsàn jà) bá wà lábẹ́ 0.5, ẹ yẹra fún jíìmù àti ibi tí èrò bá pọ̀ sí. Bí ara bá gbóná dé 38°C, kò sí ìrìn lọ́jọ́ náà, ẹ má sì kàn sáré lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ lọ sílẹ̀, ibà rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò dọ̀la. Ẹni tó bá sì wà lórí nilotinib, oògùn CML mìíràn, ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó lo oògùn ibà tí lumefantrine wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti pajápajá dáadáa, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ráyè ṣàlàyé rẹ̀ ní kílíníìkì. Imatinib ló ń fà á. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe pé ẹ tẹ nǹkan. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìka ọwọ́ ló máa ń mú, àgàgà lóru ọjọ́ tí ẹ bá lo ẹsẹ̀ jù. Ẹ ó rí i tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á dá gbéra, tí ìka tó tẹ̀lé e á yà kúrò lára rẹ̀, tí ẹran ojúgun á le gbagidi. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe lójú oorun ni pé wọ́n á na ìka ẹsẹ̀ síwájú, ìyẹn gan-an ló ń mú un burú sí i. Ẹ fa ìka ẹsẹ̀ wá sí ọ̀nà orúnkún, tàbí kí ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ẹ sì dúró bẹ́ẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi gbígbóná lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára wọ́ ọ; bí platelet bá kéré, ẹ̀jẹ̀ á sun sábẹ́ awọ.

Kí ẹ tó sùn, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ẹsẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Gìgísẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, ìka rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri. Bó bá yà síta, kò sí ohun tí ẹ ṣe. Ẹ rọra ka oókan dé ọgbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa mu omi káàkiri ọjọ́, àfi bí dókítà bá ti ní kí ẹ dín in kù. Bí oògùn bá ń ṣí yín nínú, ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà) lẹ máa mu. Ẹ ní kí wọ́n yẹ àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wò: potassium, magnesium, calcium àti phosphate. Wọ́n lè fajú ro. Ẹ bèèrè náà. Bí ìrora iṣan bá dúró títí di ọ̀sán tí ìtọ̀ sì dúdú, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Diclofenac, ibuprofen àti aspirin tí wọ́n ń tà lé ara ríro lọ́wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n láìbi dókítà: wọ́n ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa sun, àwọn méjì àkọ́kọ́ sì ń dá omi dúró sí ara tí imatinib ti ń wú tẹ́lẹ̀. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ tó ń lọ imatinib ló máa lọ àgbo, ẹ ò sì mọ ohun tó wà nínú ìgò. Ọsàn ńlá tí à ń pè ní gréèpù náà, ẹ yé mu ún, ó ń mú kí oògùn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì fo oògùn kí pajápajá lè sinmi. Fífò yẹn ni àìsàn fi ń rí àyè dìde, kì í sì í hàn lójú títí tí BCR-ABL (àmì CML nínú ẹ̀jẹ̀) á fi gòkè nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PCR tó yẹ kí wọ́n máa ṣe lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ìrìn fúnra rẹ̀ kò ní ọgbọ́n kan nínú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ilẹ̀ títẹ́ kí oòrùn tó le. Pápá ilé-ìwé yín ti tó, ẹ fi Òkè Ọlọ́sunta sílẹ̀ ná. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di ọgbọ̀n, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kí ẹ lè sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ìgò omi 75cl méjì gbé apá. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò bá ti sọ yín di aláìlè-dìde lọ́jọ́ kejì mọ́, ẹ lè máa sáré díẹ̀díẹ̀ láàárín ìrìn.

Ti bọ́ọ̀lù, rárá, títí dókítà á fi fọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà òsì yín tàbí kó yà á ní scan, kó sì sọ pé spleen (ẹ̀yà inú tí CML máa ń mú wú) ti padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Èyí tó bá wú lè bẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíràn bá gbá a. Bí wọ́n bá ti gbá yín níbẹ̀, tí ìhà òsì àti èjìká òsì wá ń ro yín, ẹ má dùbúlẹ̀ sílé. Iyán gígún náà wọ inú rẹ̀, kí ẹ má sọ pé iṣẹ́ ilé lásán ni: à ń sé èémí, à ń fún ikùn mọ́ra, ọmọ odó sì wúwo. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹ máa wọn ara yín láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí kílò méjì bá gorí yín láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá, ẹ sọ fún dókítà. Bí wọ́n bá yí oògùn yín sí dasatinib, oògùn CML mìíràn, lọ́jọ́ iwájú, tí èémí wá ń ká yín mọ́ra lórí ìrìn tí kì í dà yín láàmú tẹ́lẹ̀, ẹ dúró, ẹ lọ ya àwòrán àyà, torí ó máa ń kó omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Bó bá jẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ètò imatinib ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ni ẹ ti ń gba oògùn, ìrìn-àjò ọjọ́ náà ti tó yín ní eré ìdárayá. Ìjókòó láti Ìkéré gba Àkúrẹ́ dé Iléṣà ń wú ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ sọ̀kalẹ̀ rìn díẹ̀ bí dẹ́rẹ́bà bá dúró. Ẹ má gbé imatinib mì lófìfo nínú ọkọ̀, ẹ jẹun dáadáa kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì fi ife omi ńlá kan lé e. Nígbà tí ẹ bá sì ń bọ̀, inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn wà. Búùtù ọkọ̀ máa ń gbóná kọjá 30°C tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.