Ṣé kí n fọ owó fàdákà Louis Braille mi kí n tó tà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Màmá àgbà kan tí mo tọ́jú ní Amẹ́ríkà níbí ló fún mi ní dọ́là fàdákà ti 2009 tí wọ́n fi rántí Louis Braille, ẹni tó ṣe bréèlì, ìkọ̀wé oníkókó tí àwọn tí ojú wọn ò ríran ń fọwọ́ kà. Ó ti ń dúdú létí. Ṣé kí n fi toothpaste fọ̀ ọ́ kí n tó tà á, àbí dọ́là kan péré náà ló jẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi tí ojú wọn ò ríran náà fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé toothpaste yẹn sílẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú náà ńkọ́, ẹ má dán an wò o! Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, bí fàdákà ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá pẹ́, àwa tá à ń rà á ò sì bínú sí i, ohun tá à ń bínú sí ni àwọn ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí toothpaste máa ń há sójú ẹ̀, tí mo bá ti yí i síbi iná báyìí mo ti rí i nìyẹn, iye tí mo fẹ́ pè tẹ́lẹ̀ ti já wálẹ̀.

Dọ́là kan ni wọ́n kọ sí i lóòótọ́, àmọ́ ẹ má ná an. Gírámù 26.73 ni, ìdá 90 nínú 100 ẹ̀ jẹ́ fàdákà, ìyẹn bíi gírámù 24, ẹ wo iye tí gírámù fàdákà kan ń lọ lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe é lọ́nà 24, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í nájà.

Ti ẹ̀gbọ́n yín gan-an ló dùn mọ́ mi. Ẹ yí i sẹ́yìn, síbi tí ọmọdé kan ti ń fọwọ́ kàwé, àwọn kókó tó wà lókè ibẹ̀ ni B, R, L, bí àwọn tó mọ bréèlì ṣe máa ń gé orúkọ Braille kúrú nìyẹn. Quarter (owó sẹ́ǹtì 25) ti ìpínlẹ̀ Alabama ti 2003 náà ní bréèlì lára, orúkọ Helen Keller, òǹkọ̀wé tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, ni, ṣùgbọ́n ó ti kéré jù fún ìka, eléyìí ṣeé kà. (Ìlu, irin ṣóńṣó tí bàbá Louis fi ń dá awọ lu, ló ba ojú ẹ̀ jẹ́ lọ́mọ ọdún 3, irin tó jọ ọ́ náà ni wọ́n sì fi ń lu bréèlì sí pépà, ó máa ń yà mí lẹ́nu.)

Tí ẹ̀yìn àwòrán ẹ̀ bá ń dán bíi díńgí, proof nìyẹn, irú tí wọ́n dìídì ṣe kó máa dán, àmì ìka máa hàn lára ẹ̀ dáadáa, kí ẹ̀gbọ́n má fọwọ́ kàn án. Tí kò bá dán bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n fọ ọwọ́ wọn, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n di etí owó náà mú, kí wọ́n sì rọra fi ìka kan ṣoṣo kà á, lẹ́yìn náà kó padà sínú ike ẹ̀.