Kí ni ìtumọ̀ "àádọ́ta ọ̀kẹ́", báwo ló sì ṣe jẹ́ mílíọ̀nù kan?

Ẹni tó béèrè sọ pé òun ń gbọ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́ nínú ìròyìn, pé òun mọ̀ pé mílíọ̀nù kan ni, àmọ́ òun kò rí bó ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀kẹ́ ni kí a wò.

Àpò ńlá ni ọ̀kẹ́. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń kún ọ̀kẹ́ kan. Bí orúkọ àpò ṣe di orúkọ 20,000 nìyẹn. Àádọ́ta irú àpò bẹ́ẹ̀ ni 1,000,000. Àádọ́ta gan-an ní ìṣirò tirẹ̀ nínú: ogún mẹ́ta, kí a yọ ẹ̀wá kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ iye kan di ọ̀kẹ́, ẹ gé òdo mẹ́rin kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ pín èyí tó kù sí méjì. 3,400,000 yóò di 340, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 170: àádọ́sàn-án ọ̀kẹ́. Fún 750,000, 75 ni yóò kù, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 37 àti ààbọ̀. Ààbọ̀ ọ̀kẹ́ ni ẹgbàárùn-ún, nítorí náà ó jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógójì ó lé ẹgbàárùn-ún. Àṣìṣe tó burú jù ni kí ènìyàn kọ "ọ̀kẹ́ méjì" fún mílíọ̀nù méjì. 40,000 péré ni ọ̀kẹ́ méjì. Ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù méjì.

Àádọ́ta ọ̀kẹ́, ìyẹn mílíọ̀nù kan, dára púpọ̀ fún pínpín. Bí ẹ bá tú u palẹ̀ pátápátá, 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà ni ẹ óò bá níbẹ̀, tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn, kò sí òmíràn. Nọ́ńbà tó bá máa pín in láìṣẹ́kù lè mú 2 láti orí òdo dé mẹ́fà, ọ̀nà méje. Bẹ́ẹ̀ náà ni 5. Méje lọ́nà méje jẹ́ 49, iye nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù nìyẹn. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn: 2 pẹ̀lú 500,000, 50 pẹ̀lú 20,000 tí í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. 1,000 nìkan ni kò ní ẹnìkejì, torí 1,000 lọ́nà 1,000 ni mílíọ̀nù. Ìdí nìyí tí 49 kò fi jẹ́ 50. Ẹ yọ mílíọ̀nù fúnra rẹ̀ kúrò, kí ẹ ro 48 tó kù pọ̀, 1,480,437 ni yóò jẹ́, ó ju mílíọ̀nù lọ.

Ẹni mẹ́ta kò lè pín in dọ́gba. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún, ọ̀kẹ́ méjì yóò ṣẹ́kù. Bí a bá tú ìyẹn náà sílẹ̀, 13,333 ẹyọ ló tún kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan yóò sì wà nílẹ̀.