Ilé Kan, Olùrà Mẹ́wàá: Èsì Sí Lẹ́tà Yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilé mẹ́ta ló ti bọ́ mọ́ èmi àti ọkọ mi lọ́wọ́ ní agbègbè etí ìlú tí à ń wá. Kí a tó bá báńkì sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti tà á. Èyí tó dùn wá jù ni pé iye tí a fẹ́ san fún ìkẹta ju ti ẹni tó rà á lọ. Kí ló dé? — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, owó nìkan kọ́ ni onílé ń wò. Ẹ̀rù tó ń bà á ni kí olùrà yẹ àdéhùn lẹ́yìn oṣù kan, kí òun sì tún máa wá ẹlòmíràn. Ẹni tí owó rẹ̀ dín díẹ̀, àmọ́ tó dájú pé yóò san lọ́jọ́ tó dá, ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń tà á fún.

Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wo ilé kankan. Oríṣi lẹ́tà méjì ni wọ́n máa ń fún olùrà. Nínú èkíní, wọ́n kàn bi yín ní iye tó ń wọlé fún yín, wọ́n ṣírò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi tí ọjà ti gbóná, lẹ́tà yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ níyì. Kí wọ́n tó kọ èkejì, wọ́n ti rí ìwé owó oṣù yín, àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín àti gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn yín. Èyí ni kí ẹ gbà. Ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ju ọjọ́ 60 sí 90 lọ. Ní gbogbo àkókò náà, ẹ má ra ọkọ̀ ní àwìn, ẹ má sì pààrọ̀ iṣẹ́: báńkì yóò tún yín yẹ̀ wò kí wọ́n tó tú owó sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè. Ìgbà wo ni onílé fẹ́ jáde? Ẹlòmíràn fẹ́ gbowó kíá. Ẹlòmíràn ṣì ń wá ibi tí yóò kó lọ, ó sì fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró oṣù kan lẹ́yìn títà. Bí ẹ bá lè gbà fún un, ẹ kọ ọjọ́ tí yóò jáde sínú àdéhùn, pẹ̀lú iye tí yóò máa san lójúmọ́ bí ó bá kọjá ọjọ́ náà. Àyè yẹn lè ṣiṣẹ́ ju àfikún owó lọ.

Alágbàtà wa ní kí a yọ àyẹ̀wò ilé àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó báńkì kúrò nínú àdéhùn, kí onílé lè mú wa. Ó ní gbogbo olùrà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. — Ọ̀rọ̀ yìí ń dà mí láàmú

Ẹ má yọ àyẹ̀wò kúrò. Ẹ dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Dípò ọjọ́ 10, ẹ ní ọjọ́ 3 sí 5, bí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò bá ti wà ní sẹpẹ́. Ẹ tún lè kọ ọ́ pé ẹ ò ní bèèrè àtúnṣe wẹ́wẹ́, pé ìpìlẹ̀, òrùlé, iná àti omi nìkan ló lè mú yín yọwọ́. Bí onílé bá gbà, ẹ yẹ ilé náà wò kí ẹ tó dárúkọ iye rárá. Owó àyẹ̀wò lè ṣòfò bí ẹlòmíràn bá rà á. Ó sàn ju kí ẹ ra ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń rì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó, ìyẹn ibi tí àdéhùn ti ní ẹ lè yọwọ́, kí ẹ sì gba àsansílẹ̀ yín padà bí báńkì kò bá yá yín ní iye tó tó, ló léwu jù láti yọ kúrò, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí iye tí ẹni tó ń díwọ̀n ilé fún báńkì fi sí i bá kéré sí iye tí ẹ gbà láti san, èyí tó kéré ni báńkì máa ń lò. Ká ní 100 ni ẹ gbà láti san, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni báńkì ń yáni, ẹ sì ti tọ́jú 20. Bí wọ́n bá wá ní 92 ni ilé náà tó, ìdá 80 rẹ̀ jẹ́ 73.6. Owó tí ẹ̀yin gbọ́dọ̀ mú wá ti di 26.4. Bí 6.4 yẹn kò bá sí, tí ẹ sì ti yọ ọ̀rọ̀ báńkì kúrò, àsansílẹ̀ yín lè bá a lọ. Ohun tí a máa ń dábàá ni kí ẹ kọ ọ́ pé bí iye báńkì bá dín, ẹ ó fi owó ara yín dí i dé iye pàtó kan, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó dá iye yẹn, ẹ kọ́kọ́ yọ owó lọ́yà, owó orí, owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó ìkẹ́rù sọ́tọ̀.

Ní ti alágbàtà, kì í ṣe pé èèyàn burúkú ni. Ẹ ṣáà rántí pé ìgbà tí ilé bá tà ni owó tirẹ̀ ń wọlé.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni wọ́n ń fún wa láti wo ilé, pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ. Kí ni ká wò? — Ojú méjì kò tó

Ẹ fi kíṣíìnì tó ń dán sílẹ̀, ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ilẹ̀ dagun kúrò lára ilé ni, àbí ó dagun wá sára rẹ̀? Omi tó bá ń dúró sí ẹsẹ̀ ògiri kò ní pẹ́ wọlé. Ẹ wo ibi tí ògiri ti sán. Èyí tó tín-ín-rín, tí kò tó mílímítà 3, tó lọ tààrà láti òkè wá sílẹ̀, sábà máa ń jẹ́ pé rírẹ́ ló gbẹ tó sún kì. Èyí tó ń gun bí àtẹ̀gùn láàárín búlọ́ọ̀kù, tàbí tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, tàbí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní apá kan ju ìkejì lọ, ẹ má gbójú fò ó: ìpìlẹ̀ lè máa rì, tàbí kí ilẹ̀ máa ti ògiri. Ẹnjiníà ló yẹ kó wò ó. Bí ilẹ̀kùn tó wà nítòsí ibẹ̀ bá ń ha férémù, ìfura yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nínú ilé, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà tuntun tó wà lójú kan ṣoṣo. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ohun funfun bí ìyẹ̀fun lẹ́sẹ̀ ògiri túmọ̀ sí pé omi ń gbé iyọ̀ jáde láti inú rẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kíṣíìnì àti ti ilé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ da omi sí ilé ìgbẹ́. Bí omi bá dín kù gan-an, agbára rẹ̀ kò tó tàbí páìpù ti dí. Ẹ gbójú sókè wo àjà fún àbààwọ́n. Ẹ ṣí àpótí iná, kí ẹ wá ojú ibi tó jóná.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ láìsí alágbàtà: lẹ́yìn òjò ńlá, ní alẹ́, àti ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ wakọ̀ láti ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Bí ilé náà bá fi ìṣẹ́jú 40 kún àlọ, tó fi 40 kún àbọ̀, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 ló ń gbà lọ́wọ́ yín nínú ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ẹ kà á mọ́ iye ilé.

Wọ́n ní ẹlòmíràn ti dárúkọ iye tó ju tiwa lọ. Ṣé ká fi kún un?

Bí kò bá ì dé iye tí ẹ dá nílé kí ẹ tó rí ilé náà, ẹ lè fi kún un. Bí ó bá ti kọjá rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé àwọn ó fi díẹ̀ lé ti ẹnikẹ́ni, títí dé iye báyìí. Bí ẹ bá kọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ rí ìwé olùrà kejì kí iye yín tó gòkè. Ewu rẹ̀ ni pé onílé ti mọ òpin owó yín, kò sì sí ohun tó ní kó má bèèrè fún un.

Orúkọ ẹni tó ń ta ilé yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ìwé. Ó ní bàbá òun ló kú fi sílẹ̀. — Ẹni tó ń kánjú

Ẹ má kánjú níhìn-ín o. Lọ́yà tiyín, kì í ṣe ti onílé, ni kó lọ wo ìwé ní ibi tí ìjọba ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀: ta ló ni ín, ṣé gbèsè tàbí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, ṣé ààlà inú ìwé bá èyí tó wà nílẹ̀ mu? Kí ẹni náà mú ìwé ilé ẹjọ́ tó fún un láṣẹ láti bójú tó ogún náà wá, kí gbogbo ẹni tó nípìn-ín níbẹ̀ sì fọwọ́ sí títà rẹ̀. Títí tí èyí yóò fi parí, ẹ má san kọ́bọ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ tàbí sọ́wọ́ alágbàtà. Bí wọ́n bá ní dandan ni àsansílẹ̀, inú àkáǹtì tí lọ́yà fi ń tọ́jú owó oníbàárà ni kó wà.